Ní Gili Trawangan, Ìpadàbọ̀ Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Kọ́ Mi

Láti Padang Bai ní erékùṣù Bali ni ọkọ̀ ojú omi wa ti gbéra, ó dorí kọ ìlà oòrùn. Omi tó wà láàárín Bali àti Lombok kì í ṣe omi ṣeréṣeré. Ibẹ̀ wà lára ọ̀nà tí omi Òkun Pàsífíìkì ń gbà kọjá láàárín àwọn erékùṣù Indonéṣíà lọ sínú Òkun Íńdíà. Ó jìn débi pé nígbà tí òkun ayé fà sẹ́yìn láyé àtijọ́, ilẹ̀ erékùṣù méjèèjì kò so pọ̀. Ìdí nìyí tí Alfred Russel Wallace, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá, fi ṣàkíyèsí nígbà tó gba ibẹ̀ kọjá ní 1856 pé ẹyẹ Bali yàtọ̀ sí ti Lombok. Bí ìgbì ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, mò ń wo omi aláró náà, mo sì ń sọ fún ara mi pé inú rẹ̀ ni mo ń lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn.

Gili Trawangan ló tóbi jù nínú erékùṣù kéékèèké mẹ́ta tó tò sétí Lombok. Gili Meno àti Gili Air ni méjì yòókù. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi méjì. Kò sí mọ́tò níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni àlejò ń gùn, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, tí wọ́n ń pè ní cidomo, ló sì ń kó ẹrù. Ẹ̀yà Sasak ló ni àgbègbè náà, Mùsùlùmí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìpè àdúrà ìdájí ló ń jí mi níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jí mi ní Mushin. "Pak" ni wọ́n fi ń ṣáájú orúkọ àgbà ọkùnrin. Èmi tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í pe àgbà lórúkọ lásán, kíá ni ara mi mọlé. Lódìkejì omi, òkè Rinjani tó ga tó mítà 3,726 ń wò wá. Ilẹ̀ mì tìtì ní Lombok lọ́jọ́ 5 oṣù kẹjọ 2018, ó lé ní 500 èèyàn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, àwọn àlejò sì sá kúrò ní àwọn erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn onílé kò sá títí. Wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni mo wá kọ́ lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni mímòòkùn pẹ̀lú èémí kan ṣoṣo, láìgbé afẹ́fẹ́ kankan dání. Èkejì ni mímòòkùn lọ sí ibú pẹ̀lú sílíńdà, kọjá mítà 40 tí wọ́n fi ṣe ààlà fún ẹni tó ń mòòkùn fún fàájì. Òfin iṣẹ́ méjèèjì tako ara wọn. Ẹni tó ń mí láti inú sílíńdà kò gbọdọ̀ sé èémí rárá, nítorí afẹ́fẹ́ tó fà sínú nísàlẹ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Ẹni tó fi èémí kan mòòkùn kò ní ewu yẹn: afẹ́fẹ́ tó fà lójú omi ló gbé lọ, òun náà ló gbé bọ̀. Èémí kan la fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé ẹni tó bá ti gbé sílíńdà lọ síbú, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ti wọ ẹran ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi èémí kan mòòkùn títí náítírójìn náà yóò fi jáde. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, wákàtí 24 ni ó kéré tán.

Olùkọ́ mi àkọ́kọ́, obìnrin kan tó ti pẹ́ lórí erékùṣù náà, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kan omi ní òwúrọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀. Orí ẹní la dùbúlẹ̀ sí, à ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń mí. Ó ní ohun tó ń mú kí ara pariwo pé òun fẹ́ mí kì í ṣe àìsí ọ́síjìn. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ké sí ọpọlọ. Bó bá pọ̀ tó, iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kìì, kìì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ikú ló dé. Ẹni tó mọ̀ á fara balẹ̀, nítorí ọ́síjìn ṣì wà nílẹ̀.

Ó wá kìlọ̀ fún wa. Àwọn kan máa ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó rì, wọ́n rò pé ọ́síjìn ni wọ́n ń kó jọ. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì ni wọ́n ń tú dànù, òun sì ni olóòótọ́ tó yẹ kó kìlọ̀. Ọ́síjìn á tán, ìkìlọ̀ kò ní dún, onítọ̀hún á dákú láìmọ̀. Ibi tí èyí ti wọ́pọ̀ jù kì í ṣe ìsàlẹ̀ ibú. Mítà mẹ́wàá tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà àbọ̀ ni. Ìtẹ̀ omi tó jẹ́ kí ọ́síjìn díẹ̀ ṣì tó ara nísàlẹ̀ máa ń já sí ìdajì níbẹ̀, ọpọlọ á sì dákẹ́ bí iná tó kú. Nítorí náà ni ẹnìkejì ẹni fi gbọ́dọ̀ rì wá pàdé ẹni ní mítà mẹ́wàá yẹn, kó bá a gòkè, kó sì máa wo ojú rẹ̀ títí yóò fi mí dáadáa tí yóò sì fọwọ́ sọ pé àlàáfíà ni.

Nígbà tí a wá wọ omi, okùn la ń tẹ̀ lé, ó so mọ́ rọ́bà tó léfòó, àwo wà ní ìdí rẹ̀. Orí ni èèyàn ń kọ sísàlẹ̀. Ìtẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lórí awọ etí kí mítà méjì tó pé, afẹ́fẹ́ sì ni a fi ń dá a lóhùn: a ó pa imú dé, a ó fi ahọ́n ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ lọ sínú etí. Agbára kò wúlò níbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Etí tí a bá fi ipá ṣí, yíya ni. Ní mítà mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ inú àyà á kù sí ìdajì. Ní mítà 30, á kù sí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan. Ara á wúwo ju omi lọ, kò ní sí ìdí láti máa fẹsẹ̀ gbá a mọ́, omi fúnra rẹ̀ á máa fà á lọ. Ọkàn á máa lù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sílẹ̀, á lọ máa ṣọ́ àyà àti orí. Gbogbo èyí ni Ẹlẹ́dàá ti fi sínú ara wa tipẹ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan àwo náà ní mítà 20, tí mo gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ tí n kò gbọ́ rí láyé, mo dúpẹ́ pé mo jẹ́ ènìyàn.

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àmì-ẹ̀yẹ. Lóòótọ́, Jacques Mayol ará Faransé fi èémí kan dé mítà 100 ní erékùṣù Elba ní 1976. Ṣùgbọ́n ní Indonéṣíà kan náà ni àwọn Bajau wà, tí ìran wọn ti ń fi èémí kan wá ẹja láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwádìí tí Melissa Ilardo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ọlọ inú wọn, tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fún ara, fi nǹkan bí ìdajì tóbi ju ti àwọn aládùúgbò wọn tó ń dáko lọ. Mo sì rántí àwọn ará ilé. Nínú ọ̀sà Èkó, lápá Mákòókò àti Bàríga, àwọn ọkùnrin wà tó ń gba orí àkàbà igi sọ̀kalẹ̀ sínú omi dúdú, garawa lọ́wọ́, èémí kan láyà, láti bu iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé káàkiri ìlú. Amòòkùn gidi ni wọ́n. Ó yẹ kí ẹni tó mọ ohun tí omi ń ṣe fún etí àti àyà lọ jókòó tì wọ́n, kó kọ́ wọn, kó sì kọ́ lára wọn.

Nígbà tí a bọ́ sórí sílíńdà, olùkọ́ yí padà, ó di ọkùnrin ará Lombok kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Sílíńdà méjì ló dè mọ́ mi lẹ́yìn bí ìyá tó pọn ìbejì, ó tún fi òmíràn kọ́ mi ní ìhà. Ṣùgbọ́n ìwé àti gègé ló kọ́kọ́ gbé sí mi lọ́wọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí mo bá ń mí lítà 20 níṣẹ̀ẹ́jú kan lójú omi, lítà 100 ni màá máa mí ní mítà 40, nítorí ìtẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti òkè. Sílíńdà lítà 12 tí wọ́n rọ kún dé ìtẹ̀ 200 bar gba lítà 2,400 afẹ́fẹ́: ìṣẹ́jú 24 péré ló lè gbé èèyàn níbẹ̀ kó tó tán pátápátá. A kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó tán. A ó yọ ti ọ̀nà àbọ̀ kúrò, a ó yọ èyí tí ẹnìkejì ẹni yóò mí bí tirẹ̀ bá bàjẹ́. Ohun tó bá kù ni tiwa láti ná ní ìsàlẹ̀.

Ìṣirò kejì jẹ mọ́ náítírójìn. Bí a ṣe ń jìn sí i ni ó ń yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí a bá yára gòkè, á hó, á di ìfófòó nínú ara, ó lè dá ìrora sí oríkèé, ó lè rọ èèyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó lè pa á. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Scott Haldane fi ewúrẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé ètò dídúró díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà àbọ̀ jáde ní 1908. Náítírójìn kan náà máa ń mú orí yí láti nǹkan bíi mítà 30. Nítorí náà ni àwọn tó ń jìn gan-an fi ń da hílíọ̀mù mọ́ ohun tí wọ́n ń mí. Ọ́síjìn tí a gbẹ́kẹ̀ lé pàápàá ní ààlà. Ẹni tó bá mí ọ́síjìn ògidì nísàlẹ̀ mítà mẹ́fà ń fi gìrì ṣeré. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ ìwọ̀n ibú gàdàgbà sára sílíńdà kọ̀ọ̀kan, tí n kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan sẹ́nu kí ẹnìkejì mi tó kà á.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ní ẹlẹ́rìí sí ìṣirò yìí. Ní oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé létí òkun Delta, ó sì rì dé nǹkan bíi mítà 30. Èèyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ló yè. Ó rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá kan, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 60 kí àwọn amòòkùn tó ń wá òkú tó bá a. Wọn kò gbé e bọ́ sínú afẹ́fẹ́ òde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Náítírójìn ti kún ara rẹ̀, inú yàrá onítẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì ń dín ìtẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún olùkọ́ mi, ó mi orí, ó ní ọkùnrin náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó le jù kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́.

Kí a tó lọ síbú, ibi tí kò jìn la ti ṣe gbogbo ìdánrawò: yíyọ awò ojú kúrò, títi ẹnu sílíńdà lẹ́yìn ara ẹni, fífún ẹnìkejì ní afẹ́fẹ́, àti dídúró sójú kan láàárín omi láìlọ sókè láìlọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la lọ wo ọkọ̀ Japan ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì kan tó wà ní nǹkan bíi mítà 45 nítòsí erékùṣù náà. Ìjàpá òkun kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lójú ọ̀nà. Àwọ̀ pupa ti pòórá, gbogbo nǹkan di aró àti eérú. Ẹja bo irin ọkọ̀ náà, iyùn òkun sì ti hù sí i lára. N kò tíì wo apá kejì rẹ̀ tán nígbà tí àkókò tí a dá pé. Olùkọ́ na àtàǹpàkò sókè. Láàárín àwa amòòkùn, àmì yẹn kò ní àríyànjiyàn: ẹnikẹ́ni ló lè fún un, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè ìdí. A gòkè. Ní mítà 21 a bọ́ sórí gáàsì tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn, a sì ń dúró níbi tí ìwé wa ní ká dúró, pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Ìgbà tí a fi bọ̀ gùn ju èyí tí a lò nísàlẹ̀ lọ fíìfíì.

Akin tó mọ ogun jà tí kò mọ ogun sá, ogun ní í bá lọ. Ní oṣù kẹjọ 2015, Natalia Molchanova ará Rọ́ṣíà, tó ga jù nínú àwọn obìnrin amòòkùn ìgbà rẹ̀, wọ omi nítòsí Formentera ní Spéènì, wọn kò rí i mọ́. Bí òkun kò bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí, kò sí ẹni tó lè fi ìgboyà nìkan bá a ṣe. Ìdájọ́ mi lórí iṣẹ́ méjèèjì nìyí: bí èèyàn ṣe ń padà bọ̀ ni a fi ń mọ amòòkùn.

Ìwọ tó bá wù láti kọ́ ọ, má fòyà, nítorí ẹwà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Kọ́kọ́ kọ́ omi wíwẹ̀. Jẹ́ kí dókítà yẹ etí àti àyà rẹ wò. Lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ figagbága ta ló lè pẹ́ jù lábẹ́ omi, nínú odò tàbí ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ pè é jáde, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí fún un. Má sì ṣe mòòkùn ní ìwọ nìkan láé.