Nọ́ńbà Tí Kò Ní Lẹ́tà

Fọ́tò ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ti dé orí WhatsApp ẹbí wa kí Màmá àgbà fúnra rẹ̀ tó ti Adó délé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fi ránṣẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì kọ sí abẹ́ rẹ̀: "Ẹ gbàdúrà." Ojú ewé méjì ni ìwé náà, nọ́ńbà kún inú rẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ojú gbogbo wa lọ. Ní iwájú ẹ̀jẹ̀ funfun, wọ́n kọ 3.2, wọ́n sì fi lẹ́tà L dúdú kirikiri tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ààlà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni 4.0 sí 11.0.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí ti sọ lẹ́tà kan yẹn di àìsàn mẹ́ta. Ẹnì kan ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ti ń ṣírò owó tí a ó fi gbé Màmá lọ sí Ìbàdàn. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí n kò mọ̀ ju pé ẹ̀jẹ̀ pupa lọ, èmi náà ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń kà á títí àkùkọ fi kọ.

Ẹni ọdún 79 ni Màmá àgbà, Ìgèdè-Èkìtì ló sì ń gbé. Kò ṣàìsàn tó jú orókún tó ń dùn ún lọ, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń lo oògùn sí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, kí ọkàn àwọn lè balẹ̀. Ọkàn kò kúkú balẹ̀.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ rí dókítà ní Adó. Láti Ìgèdè títí a fi kọjá Ìyìn, Màmá kò sọ̀rọ̀. Ó gbá àpò kékeré kan mọ́ àyà. Mo rò pé owó ló wà níbẹ̀.

Dókítà náà kò lè jù mí lọ púpọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó wo ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè: ṣé ibà ń ṣe wọ́n lemọ́lemọ́, ṣé wọ́n ń rù, ṣé egbò ń yọ sí wọn lẹ́nu? Màmá ní rárá. Ó bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí. Ìgbà náà ni Màmá ṣí àpò. Kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìwé ilé ìwòsàn ni, ó ká wọn sínú àjákù gèlè, èyí tó ti pẹ́ jù lọ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àyẹ̀wò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ funfun ọjọ́ náà jẹ́ 3.4.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ funfun yín kò ṣe nǹkan kan," ni dókítà wí. "Bí Ọlọ́run ṣe dá yín nìyẹn."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó là á yé mi. Ó ní nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ààlà fún àyẹ̀wò, àwọn tí ara wọn le ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á sì mú àárín tí 95 nínú 100 wọn bọ́ sí. Márùn-ún tó kù wà lẹ́yìn ààlà, ara tiwọn náà sì le. Nítorí náà, bí a bá ṣe oríṣi àyẹ̀wò 20 tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ṣeé ṣe ju kó má ṣeé ṣe lọ pé lẹ́tà kan yóò yọ níbì kan.

Ti ẹ̀jẹ̀ funfun tún ní ìtàn tirẹ̀. Àmì kan wà lára ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Duffy. Kò sí lára ti ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1976 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìsí rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irú kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax. Ní 2009, àwọn mìíràn fi hàn pé àbùdá kan náà ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun wa kéré ju ti òyìnbó lọ bí a bá kà á, láìsí pé agbára ara wa láti bá àìsàn jà dín kù. Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ mìíràn ni wọ́n wọ̀ fún Màmá, tí wọ́n wá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò péye.

Mo ti ń tẹ ìròyìn ayọ̀ sí orí fóònù nígbà tí mo rí i pé dókítà kò tíì gbé ojú kúrò lára àwọn ìwé méjèèjì. Ìka rẹ̀ wà lórí ìlà kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà: creatinine, 106. Ààlà tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ 60 sí 120. Kò ní H, kò ní L. Lórí ìwé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, 80 ni.

Ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni creatinine, kíndìnrín sì ni asẹ́ tó ń sẹ́ ẹ jáde sínú ìtọ̀. Àgbàlagbà tí iṣan rẹ̀ ti joro kì í ní ìdọ̀tí púpọ̀. Bí pàǹtírí ilé ẹni méjì bá wá pọ̀ tó ti ilé ẹni mẹ́wàá, ẹni tó ń kó pàǹtírí ni kí a lọ wò. Dókítà ṣe ìṣírò lórí fóònù rẹ̀. Bí ọkùnrin ẹni ọdún 25 bá ní 106 yẹn, agbára kíndìnrín rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 86. Ti Màmá jẹ́ 46. Bí ó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kíndìnrín ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nǹkan bí 66 ni.

(Títí di 2021 tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kíndìnrín ní Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ìṣírò tó gbòde máa ń bu èènì lé èsì ẹni dúdú, kìkì nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìbá gbé Màmá dé nǹkan bí 50. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ro ti orírun wa, wọn kò rò ó. Ibi tí kò yẹ, wọ́n bu èènì.)

Ó bèèrè bóyá Màmá jẹ ẹran púpọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹran sísè lè gbé creatinine sókè fún wákàtí díẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà: ìnáwó wà ní Ìyìn lọ́jọ́ tó ṣáájú, iyán sì kọ́ ló gbẹ̀yìn. Dókítà ní kí a tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wò bóyá èròjà ara-òun-ẹ̀jẹ̀ ń jò sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò.

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru," ni Màmá wí, "àti ti orókún tí Àbẹ̀kẹ́ mi máa ń rà fún mi."

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Láti bí ọdún mẹ́ta, n kì í lọ sí Ìgèdè kí n má ya ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba lọ ra diclofenac káàdì mẹ́fà, méje. Màmá á gbà á, á kì mí ní oríkì títí ojú á fi tì mí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń lò ó. Dókítà kò bá mi wí. Ó kàn ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, pé ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún àgbàlagbà, pàápàá ẹni tó tún ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Ó ní kí Màmá má ṣe dá ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o, ti orókún nìkan ni kó dá dúró. Ó kọ paracetamol àti ìpara, ó sì fi eré ìdárayá orókún hàn án lórí àga. Mo ń wo ilẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì mú 104 wá, ìtọ̀ sì mọ́. Ẹran Ìyìn kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó já sí 94, ìṣírò sì gbé e sí 53. Kò tíì dé 60, ó sì lè má dé ibẹ̀ mọ́. Dókítà ní kí a máa padà wá ní oṣooṣù mẹ́fà. Orókún ṣì ń dùn ún. Nígbà mìíràn, ní òwúrọ̀, ó máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá n kò lè ra káàdì kan péré.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, Màmá tú àjákù gèlè rẹ̀, ó sì na bírò sí mi. Ó ní Bíbélì Yorùbá lòun lè kà, òun kò lè ka ti àwọn wọ̀nyí. Kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kó yé òun. Mo wá ìlà náà rí lórí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì kọ "kíndìnrín" sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn, ó sì so ó.