Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Ó Dín Kan

Láti Ladi-Lak ní Bàrígà, ọ̀nà kò jìn sí àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú tí òkìkí wọn kàn jákèjádò Èkó. Ọ̀kan lára irinṣẹ́ àwọn atẹ̀wé ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà sára rìsíìtì. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ olójú mẹ́fà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí 000001, yóò sì máa fi ẹyọ kan kún un títí yóò fi dé 999,999. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ pin sí. Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, òdo mẹ́fà ni yóò jáde.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín kan ni Yorùbá ń pe nọ́ńbà ìkẹyìn yìí. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ní báyìí, bí ìwé rìsíìtì kọ̀ọ̀kan bá ní ewé àádọ́ta, ẹni tó bá fẹ́ lo gbogbo nọ́ńbà ẹ̀rọ náà tán yóò nílò ọ̀kẹ́ kan ìwé bẹ́ẹ̀, àfi pé ewé tó kẹ́yìn pátápátá kò ní rí nọ́ńbà gbà. Orúkọ náà ti sọ èyí tán kí oníṣirò tó mú bírò. Ọmọ tó mọ mílíọ̀nù nìkan, orúkọ tó mọ̀ kò sọ nǹkan kan fún un.

Ẹyọ kan tó dín yìí kì í ṣe ohun kékeré. Èjì lọ́nà mẹ́fà àti àrún lọ́nà mẹ́fà, tí wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, ni àádọ́ta ọ̀kẹ́. Bí ẹyọ kan bá kúrò, kò sí èjì, kò sí àrún nínú èyí tó kù mọ́: 3 lọ́nà mẹ́ta, 7, 11, 13 àti 37 ló kó ara wọn jọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí èyí láìlo kọ̀ǹpútà? Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe ti kékeré. Ogún lọ́nà ogún jẹ́ irinwó. Ọ̀kàndínlógún lọ́nà ọ̀kànlélógún jẹ́ irinwó ó dín kan. Bákan náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹgbẹ̀rún ó dín kan lọ́nà ẹgbẹ̀rún ó lé kan jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín kan. Èyí tó dín jẹ́ 27 lọ́nà 37, èyí tó lé sì jẹ́ 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13. Lé àti dín tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sá fún, tí wọ́n ní ó ń da ọmọdé lórí rú, ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Kì í sì í ṣe inú ìwé ni òǹkà náà ti ṣẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ tí Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS, gbé jáde lórí òǹkà Yorùbá ní ọdún 1887, ó ṣàpèjúwe bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ ṣe ń fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún.

Àrà kan ṣì kù. Bí wọ́n bá pín 999,999 sí ọ̀nà méje, 142,857 ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 285,714. Ìlọ́po mẹ́ta jẹ́ 428,571. Àwọn nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ni, bí ẹni ń jó yípo agbo, láìsí èyí tó kúrò lẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀. Títí dé ìlọ́po mẹ́fà ni wọ́n ń yí bẹ́ẹ̀. Ní ìlọ́po keje, ẹ̀sán mẹ́fà tò, agbo sì tú.