Bí A Ṣe Wá Ìdí Àrùn Díìsìkì Àlòkù

Ìlapa èrò:
(i) Ohun àlòkù ní ilé wa
(ii) Ohun tí ó mú wa ra díìsìkì àlòkù
(iii) Ìdènà kìíní àti bí a ṣe borí rẹ̀
(iv) Ìdènà kejì: dídán ohun gbogbo wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan
(v) Ohun tí a bá nínú díìsìkì náà, àti ohun tí a fi ṣe
(vi) Àgbálọgbábọ̀

Bóyá ni ilé kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lónìí tí ènìyàn kò ní bá ohun àlòkù nínú rẹ̀. Láti orí ọkọ̀ dé orí ẹ̀rọ amómitutù, láti orí aṣọ dé orí kọ̀ǹpútà, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun ni púpọ̀ nínú wa ń rà. Tòkunbọ̀ ni à ń pè é. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu tòkunbọ̀, nítorí òun ni owó ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ká. Ṣùgbọ́n ohun àlòkù a máa dà bí èso ọ̀pọ̀tọ́ nígbà mìíràn: òde rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kòkòrò ni yóò sì kún inú rẹ̀. Ìrírí tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti díìsìkì àlòkù kan tí ó kọ̀ láti gba Windows, àti bí a ṣe wá ìdí àrùn rẹ̀ títí a fi rí i.

Ọmọ àbúrò mi kan wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ, Àgọ́-Ìwòyè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ó ku ọjọ́ mọ́kànlá péré kí ó fi iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀, díìsìkì inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kú. Ọpẹ́ ni pé orí mẹ́ta àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà wà nínú fíláàṣì. Orí méjì tí ó kù ṣì wà nínú ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ, kò tíì tẹ̀ wọ́n. Bí ọjọ́ náà bá kọjá lé e lórí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lọ ṣe agùnbánirọ̀, òun yóò sì dúró di ọdún mìíràn. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé. Inú owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo ti ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ó wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, n kò mọ ohun tí mo máa ṣe mọ́." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo múra, mo bá a lọ.

Owó díìsìkì tuntun ju ìlọ́po méjì àlòkù lọ, nítorí náà àlòkù ni a rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ó mọ́ tónítóní lójú, oníṣòwò náà sì búra pé kò ní àléébù kankan. A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ki díìsìkì náà bọ inú láptọ́ọ̀pù, ó fi fíláàṣì tí Windows 10 wà nínú rẹ̀ sí i, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìdènà kìíní fi yọjú. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé òun kò lè fi Windows sórí díìsìkì náà. Ohun tí ó fà á rọrùn láti yé ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí a ti máa ń ní ìwé tí ó fi ààlà ilẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni díìsìkì ní ìwé ìpín ti rẹ̀. Ìwé ìpín àtijọ́, tí a ń pè ní MBR, ti wà láti ọdún 1983. Kọ̀ǹpútà tí a ń lò ń fẹ́ irú ti ìgbàlódé tí ń jẹ́ GPT, ti àtijọ́ ni ó sì wà lórí díìsìkì yìí. Oògùn rẹ̀ ni kí a fa ìwé ìpín àtijọ́ ya, kí a sì kọ tuntun.

Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣí díìsìkì wò lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Háà! Àwòrán ìgbéyàwó òyìnbó kan ni a rí, àti àwọn ìwé báńkì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ máa ṣí wọn lọ. Mo ní, "Rárá o. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ìyá rẹ ni ó wà lọ́wọ́ àlejò ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Tíṣà," ó sì pa á dé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ni ó ń wọlé lóṣooṣù nígbà náà, àti pé púpọ̀ nínú ẹrù náà ni kò ṣe é lò tàbí tún ṣe. Wọ́n ra díìsìkì níbẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó kọ́kọ́ ni wọ́n nínú rẹ̀.

A kọ ìwé ìpín tuntun, Windows sì gbà láti wọlé. Ṣùgbọ́n ayọ̀ wa kò tọ́jọ́. Nígbà tí iṣẹ́ dé agbede-méjì, ó dúró gbagidi, ó sì kọ ọ́ pé àwọn fáìlì kan bàjẹ́ tàbí wọn kò sí, pẹ̀lú nọ́ńbà 0x80070570. A tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibi kan náà ni ó ń dúró sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní fíláàṣì ni ó bàjẹ́. Ọmọ àbúrò mi ní láptọ́ọ̀pù òun ni ó ti gbó. Ọjọ́ méjì ti lọ, iná ìjọba kò sì dúró. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ń wọ́ lọ.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ẹkùn Ogun Waterside, mo máa ń wo bí àwọn apẹja ṣe ń wá ibi tí ọkọ̀ wọn ti ń jò. Wọn kì í da ọ̀dà sí gbogbo ara ọkọ̀. Wọ́n á gbé e sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á da omi sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa wo ibi tí omi yóò gbà jáde. Mo ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: kí a pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé.

A kọ́kọ́ mú fíláàṣì náà lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Windows wọlé síbẹ̀ láìsí wàhálà. Fíláàṣì bọ́ nínú ẹ̀sùn. Lẹ́yìn èyí, a yọ RAM méjì tí ó wà nínú láptọ́ọ̀pù, a dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èsì kò yí padà. Ìgbà kẹta, a ki díìsìkì àlòkù náà bọ inú kọ̀ǹpútà tí ohun gbogbo ti ń lọ geere. Ibẹ̀ náà ni ó tún ti dúró, nọ́ńbà kan náà ni ó sì kọ. Ẹjọ́ parí: àrùn náà ń tẹ̀lé díìsìkì.

A wá ka àkọsílẹ̀ ìlera tí díìsìkì máa ń kọ fúnra rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní SMART. Ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí tí ó lé ní 31,000, èyí tí ó ju ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lọ ká ní kò sinmi rárá. Díìsìkì máa ń ní àyè ìpamọ́ díẹ̀ tí ó fi ń rọ́pò ibi tí ó bá kú lára rẹ̀. Eléyìí ti lo púpọ̀ nínú tirẹ̀, ibi tí kò ṣe é kà mọ́ sì tún wà níbẹ̀ jáǹtìrẹrẹ. Àwọn onípákó Ìjẹ̀bú-Igbó mọ irú rẹ̀: igi tí ó dán lójú, ṣùgbọ́n tí bí a bá kàn án, ó ń dún gbògbò nítorí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Oníṣòwò náà kọ̀ láti gbà á padà. Ó ní bí a ṣe rí i ni a ṣe rà á. Mo yá owó díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, a ra díìsìkì tuntun kékeré tí kì í yí. Kò tó wákàtí kan tí Windows fi wọlé tán. Ọmọ náà fi ọ̀sán àti òru tẹ orí méjì tí ó kù, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì. Ní ti díìsìkì àlòkù, n kò jẹ́ kí ó padà sí ọjà. Fífa ìwé ìpín ya kò pa ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ́. Àwòrán òyìnbó náà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wá. Mo tú u, mo yọ àwo inú rẹ̀ tí ó ń dán bíi dígí, mo sì fi òòlù lù ú.

Ní ìparí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìrírí yìí. Kí a dán ohun àlòkù wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Kí a má ṣe gba ẹ̀sùn àkọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, nítorí fáìlì ni kọ̀ǹpútà náà ń ké lé lórí, díìsìkì sì ni ọ̀daràn. Kí a sì pa àṣírí ẹni tí kò mọ̀ wá mọ́ bí a ti ń pa tiwa mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.