Keelung: Ìlú Tí Ó Fi Àsè Òkú Parí Ìjà

Ẹ̀yin abilékọ àti ẹ̀yin ìyá ọmọ tí ẹ ń bá wa ká ojú ìwé yìí lóṣooṣù, àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí á ti ṣe ọ̀rọ̀ àná tí kò ṣe é gbàgbé, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí ìyá ti sin ọmọ, tí aya sì ti di opó? Ìlú kan wà ní etí òkun ní ìhà àríwá Táíwàn tí ó ti ń dáhùn ìbéèrè yìí láti ọdún 1855. Keelung ni orúkọ rẹ̀. Inú ọdún ìbílẹ̀ wọn ni ìdáhùn náà wà, ibẹ̀ ni a sì fẹ́ mú yín dé lóṣù yìí.

Ìlú èbúté ni Keelung. Òkè yí i ká ní apá mẹ́ta, òkun sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá a máa wọlé títí dé àárín ìlú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí ó sì jáde sí ìta, yóò rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Láti Taipei tí í ṣe olú-ìlú Táíwàn, ìrìn-àjò náà kì í tó wákàtí kan. Àwọn ènìyàn tí ń gbé inú ìlú náà lé ní 350,000. Òjò pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Táíwàn fi sọ ọ́ ní Èbúté Òjò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó mú agboòrùn dání, kí ó sì wọ bàtà tí kì í yọ̀ lórí òkúta tútù.

Kí á tó wo ọdún náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó bí i. Àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ṣí wá sí Keelung láyé àtijọ́ wá láti agbègbè méjì ní ẹkùn Fujian. Àwọn kan ti Zhangzhou wá, àwọn kan ti Quanzhou wá. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn yàtọ̀ díẹ̀ síra. Àwọn ará Zhangzhou tẹ̀dó sí ẹ̀bá èbúté, àwọn ará Quanzhou sì tẹ̀dó sí ọ̀nà inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àtijẹ dá gbọ́nmi-si-omi-ò-tó sílẹ̀ láàárín wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850, ọ̀rọ̀ náà di ìjà àjàkú-akátá. Ìtàn ìlú náà sọ pé ènìyàn 108 ni ó kú. Wọ́n kó egungun àwọn òkú náà jọ, wọ́n sì sin wọ́n pọ̀ sí ojú kan. Àwọn ará ìlú kò pè wọ́n ní òkú ọ̀tá. Laodagong ni wọ́n ń pè wọ́n, èyí tí a lè túmọ̀ sí Bàbá Àgbà, wọ́n sì kọ́ ilé òrìṣà kan sí ibi tí a sin wọ́n sí.

Ṣùgbọ́n sàréè nìkan kò lè parí ìjà. Ọmọ ẹni tí a pa yóò dàgbà, yóò sì béèrè ẹni tí ó pa bàbá òun. Àwọn àgbààgbà ìlú wá jókòó, wọ́n sì fi ẹnu kò sí ohun kan. Wọ́n ní lọ́dọọdún, nínú oṣù keje tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, gbogbo ìlú yóò se àsè fún àwọn òkú náà, àti fún gbogbo òkú tí kò ní ẹni tí yóò rántí wọn. Wọ́n ní a kò ní pín iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìlú tí olúkúlùkù ti wá. Orúkọ ìdílé ni a ó fi pín in, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò sì máa gbà á ní tirẹ̀ lọ́dún tí ó bá kàn án. Ní 1855, ìdílé Zhang, Liao àti Jian, tí a kà sí ọ̀kan, ni ó kọ́kọ́ gbà á. Mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ ìdílé náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Lónìí wọ́n ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ fi ara balẹ̀ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú ni wọ́n fi pín in, tí ará Zhangzhou ń ṣe tirẹ̀, tí ará Quanzhou sì ń ṣe tirẹ̀, ẹgbẹ́ méjì tí ó jà ni ìbá tún máa wo ara wọn lójú lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé kò mọ ààlà ìlú. Ẹni tí ń jẹ́ Lin wà ní ìhà ìhín, ẹni tí ń jẹ́ Lin sì wà ní ìhà ọ̀hún. Nígbà tí ó bá kan ìdílé Lin, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dá owó jọ, kí wọ́n sì jọ ru ẹrù kan náà. Àwọn ará Keelung a máa sọ pé dípò kí á máa fọ́ ara wa lórí, ẹ jẹ́ kí á máa fi ẹgbẹ́ oníjó àti onílù díje. Wọn kò gbàgbé ọ̀rọ̀ àná. Iṣẹ́ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Wàyí o, báwo ni ọdún náà ṣe ń lọ? Odindi oṣù kan ni. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ibojì ní ilé Laodagong, kí àwọn òkú lè jáde wá gba afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì jẹun. Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n á tan iná sí pẹpẹ ńlá tí ó wà lórí òkè nínú ọgbà ìgbafẹ́ Zhongzheng. Ilé gíga ni pẹpẹ náà, iná aláràbarà a sì bò ó látòkè délẹ̀, tí ẹni tí ó wà ní èbúté nísàlẹ̀ yóò fi máa rí i lálẹ́.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n á gbé àwọn ohun kan tí wọ́n ń pè ní doudeng káàkiri ìgboro. Ẹ̀yin ìyá, èyí yóò dùn mọ́ yín. Òṣùwọ̀n ìrẹsì ni, tí a bu ìrẹsì kún inú rẹ̀. Lórí ìrẹsì náà ni a to fìtílà, dígí, àlùmọ́gàjí, rúlà, ìwọ̀n kékeré àti idà sí. Ẹ rí i pé bí a bá yọ idà kúrò, ohun èlò inú ilé obìnrin ló kù. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àdúrà fún àlàáfíà àti ìmọ́lẹ̀ ìdílé náà ni wọ́n sì ń fi í ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá ni èrò pọ̀ jù. Lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ ìdílé bá ti jó yí ìlú ká pẹ̀lú ìlù àti iná, wọ́n á lọ sí etí òkun ní ìhà Badouzi. Olúkúlùkù ìdílé ti fi bébà kọ́ ilé kékeré tí ó rẹwà, wọ́n kọ orúkọ ìdílé sí i lára, wọ́n sì kó owó bébà sínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru, wọ́n á sọ iná sí i, wọ́n á sì tì í sójú omi. Fìtílà ni ó jẹ́ fún àwọn tí òkun gbé lọ, kí wọ́n lè rí ọ̀nà wá síbi àsè. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìdílé tí ilé tirẹ̀ bá léfòó jìnnà jùlọ ni yóò rí ire jùlọ.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni àsè gan-an. Wọ́n á to oúnjẹ rẹpẹtẹ síwájú pẹpẹ ńlá. Nígbà tí àwọn òkú bá ti jẹ tán, ẹnì kan tí ó múra bí Zhong Kui, alágbára tí ń lé ẹ̀mí búburú, á jó láti lé àwọn tí kò fẹ́ lọ padà síbi tí wọ́n ti wá. Oṣù náà á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, nígbà tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn ibojì. Ìdílé tí ó ṣe é á sì gbé ohun ìfinná tùràrí lé ìdílé tí ó kàn lọ́wọ́. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ní 2008, ìjọba Táíwàn fi ọdún yìí sí ara àwọn àṣà pàtàkì ilẹ̀ náà.

Má ṣe rò pé ní gbangba nìkan ni ọdún yìí wà. Ní ẹnu ọ̀nà ilé àti ìsọ̀, àwọn ìyàwó ilé a gbé tábìlì síta lọ́sàn-án, wọ́n a to ẹran, ìrẹsì, bísíkítì àti èso lé e, wọ́n a sì fi igi tùràrí gún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn a bu omi sínú bàsíà, a fi táwẹ́lì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá yóò fẹ́ fọ ojú kí ó tó jẹun. Wọn kì í pe àwọn òkú wọ̀nyí ní iwin. Arákùnrin rere ni wọ́n ń pè wọ́n, kí inú má bàa bí wọn. Wọn kì í sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso plum àti èso pear sórí tábìlì kan náà, nítorí bí a bá pe orúkọ mẹ́ta wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn ní èdè wọn, ó dà bí ẹni ń sọ pé òun pè ọ́ wá. Nínú oṣù náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ìgbéyàwó, wọn kì í kó lọ sí ilé titun, wọn kì í sá aṣọ síta mọ́jú, àwọn ìyá a sì máa kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má ṣe lọ lúwẹ̀ẹ́.

Ìtàn ìyá àti ọmọ kan sì wà nídìí àsè ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń sọ. Mulian, ọmọ-ẹ̀yìn Buddha, wo ọ̀run, ó sì rí ìyá rẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀mí tí ebi ń pa. Ó gbé oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ẹnu ìyá, oúnjẹ náà ti di iná. Buddha sọ fún un pé agbára ẹnì kan kò tó, kí ó pèsè oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn mímọ́ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe bọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ ìyá tirẹ̀, àfi kí ó bọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Bí ọdún bá parí, tàbí bí ẹ bá dé nígbà mìíràn, ohun wíwò kò tán. Nínú ọgbà Zhongzheng, ère Guanyin, ìyá alàánú àwọn ẹlẹ́sìn Buddha, dúró ní funfun gbòò lókè, ó ń wo èbúté. Ní ìgboro, ẹ lọ sí ọjà alẹ́ Miaokou, tí ó yí ilé òrìṣà Dianji ká. Òrìṣà àwọn ará Zhangzhou ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni ó ń jẹun níwájú rẹ̀. Ẹ ó rí ọbẹ̀ tí a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tí a dà sí etí ìkòkò gbígbóná sè, ọbẹ̀ akàn tí ó ki, ẹja lílọ̀ tí a dín, àti búrẹ́dì díndín tí a fi ẹyin àti tòmátì há. Àwọn ọmọdé yóò fẹ́ràn yìnyín tí a pò bí ọ̀rá, tí a fi ẹ̀pà tàbí èso sí.

Ní ẹ̀yìn ìlú, ẹ gba orí afárá kọjá sí erékùsù Heping, níbi tí ìgbì òkun ti gbẹ́ òkúta sí oríṣiríṣi ìrísí. Erékùsù yìí ni àwọn ará Sípéènì kọ́ odi agbára sí ní 1626, kí àwọn ará Họ́láńdì tó lé wọn lọ ní 1642. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Faransé tí ó kú nínú ogun 1884 sí 1885 wà nínú ìlú náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ nínú oṣù keje yóò mọ ìdí tí àsè Keelung kò fi mọ sórí òkú ilé nìkan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí ní ìyá, ṣùgbọ́n ìyá wọn jìnnà.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ fún ẹni tí yóò lọ: oṣù keje wọn sábà máa ń bọ́ sí oṣù August sí September tiwa, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan oúnjẹ orí tábìlì, ẹ má sì ya àwòrán ẹni tí ń gbàdúrà láì tọrọ àyè. Ní alẹ́ fìtílà orí omi, ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú ṣinṣin, nítorí èrò a máa pọ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú gidigidi.

Ẹ̀yin abilékọ, kò sí ilé tí kò ní ọ̀rọ̀ àná tirẹ̀: ilẹ̀ tí a jà lé, ogún tí a kò pín dáadáa, ìyàwó bàbá tí a kì í kí mọ́. Bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn sáà gbàgbé, wọn kò ní gbàgbé. Ẹ wo ohun tí àwọn ará Keelung ṣe. Wọ́n fi ìkòkò kan sáàárín, wọ́n sì ní kí ọmọ ẹni tí ó pa àti ọmọ ẹni tí a pa jọ dáná sí i. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n irú èyí nínú ilé wa, kí àwọn ọmọ wa má ṣe jogún ìjà.