Sítíárìn Tí Mo Rà Fún Ọmọ Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí lè pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín, nítorí wọn yóò wí pé kí ni akọ̀wé mọ́ṣáláṣí ń wá nídìí géèmù ọmọdé. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti já sí kòtò ni ó yẹ kí ó júwe ibi tí kòtò wà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo ṣe ìlérí fún ọmọkùnrin mi kejì, ọmọ ọdún 15, pé bí ó bá yege nínú ìdánwò rẹ̀, èmi yóò ra sítíárìn tí wọ́n fi ń ṣe géèmù ìje ọkọ̀ fún un. Ó ní PlayStation 4 àlòkù kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fún un, páàdì ni ó sì fi ń wa ọkọ̀ inú rẹ̀. Ọmọ náà yege. Ẹ sì mọ̀ pé ìlérí ọjọ́ pípẹ́ kì í yẹ̀ lọ́rùn ẹni tí ó ṣe é, gbèsè ni.

Mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú fún páànù ẹ̀yìnkùlé wa, mo bọ́ sí ọjà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi rò pé gbogbo sítíárìn ni ó rí bákan náà. Ẹni tí ó tà á fún mi fi ọ̀kan hàn mí tí ó ń dán, tí wọ́n kun apá kan rẹ̀ ní pupa. Ó ní force feedback wà nínú rẹ̀. Èmi kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti béèrè. Mo sanwó, mo gbé e délé.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá a tí ó ti padà sí ìdí páàdì. Inú bí mi, mo pè é ní aláìmoore. Ó tẹrí ba, kò fèsì. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì ni ìyá rẹ̀ wá sọ fún mi pé ọmọ náà kò fẹ́ kí n gbọ́ ni, pé sítíárìn náà kò ṣe ju kí ó máa gbọ̀n bí fóònù tí wọ́n ń pè.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo pe ọmọ náà, mo ní, "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Má bínú. Jókòó, kí o là mí lọ́yẹ̀." Kò rọrùn fún baba láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí èmi náà sì fi ojú ara mi rí lẹ́yìn náà, nìyí.

Sítíárìn tí ó ní force feedback ni èyí tí ń dá ọwọ́ lóhùn. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lo iná wà nínú rẹ̀, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ inú géèmù ni ẹ̀rọ náà ń sọ fún ọwọ́. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, sítíárìn a le. Bí táyà iwájú bá ń yọ̀, a fúyẹ́ lójijì. Bí ẹ bá gun etí títì, a ta ọwọ́ yín. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò ní ju rọ́bà kan tí ń fà á padà sí àárín, kò sì lè yí dé yípo kan.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí jíà ń gbé agbára ẹ̀rọ dé ọwọ́, bí Logitech G29 tí ó jáde ní ọdún 2015. Ó máa ń pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára, ó ń yí ní yípo méjì ààbọ̀ láti òpin òsì dé òpin ọ̀tún, ó sì ní pẹ́dà mẹ́ta. Èkejì ni ti bẹ́líìtì, bí Thrustmaster T300. Ó rọ̀ lọ́wọ́ ju ti jíà lọ, kì í sì í pariwo tó o. Ẹ̀kẹta ni direct drive: orí ọ̀pá ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n gbé sítíárìn lé, láìsí jíà, láìsí bẹ́líìtì. Ọ̀kan nínú wọn ni Fanatec CSL DD ti ọdún 2021, tí agbára rẹ̀ jẹ́ Newton metre 5, àti Logitech G PRO ti ọdún 2022, tí tirẹ̀ jẹ́ 11. Irú èyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì ń fẹ́ ohun tí ó dúró ṣinṣin, tí kò ní mì, tí a ó dè é mọ́. Tábìlì oníke ilé wa kò lè gbà á.

Ohun kan tún wà tí ó ju gbogbo èyí lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ géèmù tí ó wà nílé. G29 ń bá PlayStation àti kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. G920, tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, Xbox àti kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì wọ́n gbé ti ra ohun ọ̀ṣọ́.

Mo dúró títí àjọ mi fi kàn mí. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, èmi àti ọmọ náà ni a jọ lọ, ó sì gbé PlayStation rẹ̀ lọ́wọ́. G29 àlòkù ni a rí. Kí a tó sanwó, a tan án. Ó yí ara rẹ̀ sí òsì àti ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí èyí tí ara rẹ̀ le ṣe. A yí i dé òpin méjèèjì, a tẹ́tí sí jíà bóyá ó ń lọ̀ bí ọlọ. A tẹ pẹ́dà kọ̀ọ̀kan. Bíréèkì rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, nítorí rọ́bà tí ó wà nínú rẹ̀. A yẹ ṣájà rẹ̀ wò bóyá tirẹ̀ gan-an ni.

Nígbà tí a tan án nílé, tí ó yí fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ ké "Bísímílláì!" ó sì sá sẹ́yìn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Pẹ́dà ń yọ̀ lórí táìsì, a bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri.

Ọmọ náà ní kí èmi náà gbìyànjú. Ní kọ́nà àkọ́kọ́ mo kọlu ògiri, sítíárìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bá a jà. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ń sọ."

Mo rántí ọjọ́ tí mo pè é ní aláìmoore, tí èmi kò gbọ́ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra ohunkóhun fún ọmọ, ẹ bi ẹni tí yóò lò ó léèrè. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi owó wa ra ìbànújẹ́. Àmín.