Òkè Tó Wà Lẹ́yìn Wa

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Albarika, àdúgbò kan ní ìlú Parakou lórílẹ̀-èdè Benin, kò sẹ́ni tó ń gun òkè torí àtiya fótò. Ilẹ̀ Parakou tẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkè gidi a forí lé Natitingou, síbi òkè Atacora, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń dé ọ̀dọ̀ wa láti 1936, kó sọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa. Láti ojú fèrèsé ni a ti ń wo àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, dúdú, gìrìwò, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. A wò wọ́n, a jẹ àkàrà wa, ọkọ̀ kọjá.

Ọkọ̀ ojú irin kò gbé èrò mọ́. Àwọn ọmọ wa a ṣèpàdé lórí WhatsApp, wọn a dáwó jọ gba bọ́ọ̀sì lọ gun òkè, wọn a gbéra lóru kí oòrùn má baà ká wọn mọ́ ìsàlẹ̀ òkè. Randonnée ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àwọn àgbà kò fẹsẹ̀ rìn rí.

Nígbà tiwa, ẹlẹ́fótò àdúgbò wa ní aṣọ ńlá kan tó fi kọ́ sára ògiri. Wọ́n kun òkè tí yìnyín bò sí i lára, pẹ̀lú odò àti ẹyẹ funfun. Níwájú òkè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí yìí ni a ti ń ya fótò Iléyá. Bó bá sì bá wa lọ sí ìgbéyàwó ní Ṣábẹ̀ẹ́, fíìmù rẹ̀ kò ju ẹyọ 36 lọ, owó sì ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò fowó ya òkúta? Èèyàn gbọ́dọ̀ dúró síwájú rẹ̀. Nítorí náà ààbọ̀ ni gbogbo òkè tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù wa: gèlè ìyá kan bo orí rẹ̀, èjìká bàbá kan gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ́jú ti ṣẹ́jú nìyẹn. A ó wá dúró títí ìsọmọlórúkọ ẹlòmíràn yóò fi jẹ ìyókù fíìmù tán, kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́.

Ẹ má jẹ́ ká máa pọ́n ìgbà náà lé ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo àwọn álíbọ́ọ̀mù yẹn dáadáa, bóyá ẹ óò rí tálákà níbẹ̀. Àwọn tó sì ṣáájú wa pàápàá kò gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́ torí ẹwà: ogun Dahomey ló lé wọn síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó ń sá fún ìkónilẹ́rú, eruku ẹsẹ̀ ọmọ ogun ló ń wò nísàlẹ̀.

Nísinsìnyí, ọmọ kan ṣoṣo lè ya igba fótò kó tó sọ̀ kalẹ̀. Òkè wá di odindi, kò sí gèlè kankan níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lọ, nígbà tí eruku aṣálẹ̀ bo ojú ọ̀run, tí òkè kejì kò hàn ju òjìji lọ. Fóònù kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọn a fìka fà á díẹ̀, sánmà a di búlúù, koríko gbígbẹ a tutù yọ̀yọ̀. A fẹ́ bá wọn wí, àmọ́ a rántí aṣọ ẹlẹ́fótò wa. Wọn a gbé e sí státọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn wákàtí 24, ó ti lọ.

Ikán jẹ púpọ̀ nínú fótò tiwa, ooru sì sọ ìyókù di pupa rúsúrúsú. Tiwọn, bí fóònù bá já lu àpáta, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní ọjà Arzèkè, àwọn náà a sì mirí.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ kan ń wá fótò àtijọ́ kiri àdúgbò. Wọ́n fẹ́ mọ bí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe rí kí àwọn èèyàn tó máa gé igi ẹsẹ̀ rẹ̀ fún èédú. A kó tiwa sílẹ̀. Gèlè ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n bi wá pé ta ló wé e, a sì jiyàn lórí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, torí ẹni tó fi báírò kọ̀wé sẹ́yìn fótò náà kò kọ ju “Ìyá wa” lọ.