Ẹ̀rí Tí Mo Fi Etí Àbúrò Mi Rà

Èmi ni mo sọ fún àbúrò mi pé kó jáwọ́ nínú oògùn ikọ́ ife. Kì í ṣe pásítọ̀ wa ló sọ ọ́, kì í sì í ṣe wòlíì kankan ló rí i lójú ìran. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mo jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àdúrà, ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mo sì fi orúkọ Jésù gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn ará máa ń tù mí nínú pé gbogbo wa la jọ ṣe àṣìṣe náà. Irọ́ ni. Tèmi ni.

Ní ọdún 2015 ni wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n sì bá kòkòrò ikọ́ ife níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀: oríṣi mẹ́rin pọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oríṣi méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbé e lọ sílé ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú obìnrin náà ló ti ń gbé e mì. Àwa náà kò káwọ́ gbera. A gbààwẹ̀, a ṣe ìṣọ́ òru, a gbàdúrà sí omi fún un. Kí oṣù kejì tó pé, ikọ́ ti dá, kò làágùn lóru mọ́, ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Ó tún gbé ìlù rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìyáàlù dùndún ló ń lù nínú ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa rárá a sì máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe rí i nídìí ìlù ni mo ti gbà pé Ọlọ́run ti parí iṣẹ́. Mo ní kó wá jẹ́rìí ní ọjọ́ Ìsinmi. Mo bi í pé, ìwọ tí Jésù ti wò sàn, kí lo tún ń fi hóró oògùn ṣe? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ dá a dúró o." Mo dá a lóhùn pé nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tí Ẹ̀mí Mímọ́ mọ̀. Ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni, kì í já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàn. Ó jẹ́rìí, ìjọ hó yèè, ó sì gbé ìyókù oògùn tó ti ń gbé wálé nígbà náà sórí àjà.

Ohun tí n kò mọ̀, nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un, n kò sì bèèrè. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni oògùn máa ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò náà, ìdí nìyẹn tí ara fi ń tètè yá. Ṣùgbọ́n àwọn kan á ba sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn kò ní í mira, oògùn kì í sì í tètè ká wọn mọ́bẹ̀. Torí wọn ni àwọn oṣù yòókù ṣe wà. Ara yíyá tí mo pè ní ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ ni. N kò sọ pé Ọlọ́run kò sí nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èmi ni mo já irinṣẹ́ gbà lọ́wọ́ Rẹ̀ torí pé mo fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí.

Nígbà tí ikọ́ náà padà dé, kò sọ fún mi. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹni tó ti dúró níwájú ìjọ pé ara òun ti dá, báwo ni yóò ṣe tún máa wúkọ́ lójú wọn? Ìrọ̀rí ló ń kó ẹnu bọ̀ lóru kí ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́. Bó bá le, á yọ́ lọ mú díẹ̀ nínú oògùn orí àjà. Bó bá rọlẹ̀, á tún dá a dúró. Bí kòkòrò ṣe ń mọ oògùn lára tí kì í fi í kú mọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lára ìrọ̀rí, òun náà ló sì fà á padà sílé ìwòsàn, kò bi mí. Wọ́n fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ GeneXpert. Kó tó tó wákàtí mélòó kan ni èsì ti jáde pé rifampicin, òpómúléró oògùn ikọ́ ife, kò lè pa kòkòrò náà mọ́.

Ìtọ́jú irú èyí lé ní ọdún kan ààbọ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ oṣù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti abẹ́rẹ́ kanamycin. Abẹ́rẹ́ náà ń pa kòkòrò, ó sì tún lè pa àwọn irun wínníwínní inú etí tí a fi ń gbọ́ràn, tí kì í hù padà bó bá ti kú. Wọ́n sọ fún wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, a sì gbà, torí ikú ni ìkejì. Ó kọ́kọ́ ní nǹkan ń hó létí òun. Nígbà tó yá, àfi kí a pariwo kó tó gbọ́. Ikọ́ ife lọ, etí rẹ̀ sì di pátápátá. Ní 2019, àjọ ìlera àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n má lo kanamycin fún àrùn yìí mọ́. Láti 2022, oògùn oníhóró fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń dámọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ fún àwọn tí yóò jàǹfààní rẹ̀. Kò bá àbúrò mi.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ ọsán í fún, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn tó ń jáde. Bí ohùn bá sì yẹ̀ díẹ̀ lórí dùndún, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìlù ń sọ. Ó ti gbé e fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni mo dì mú. Mo ti rò ó títí. Ọmọdébìnrin ni ìyá ìyá mi ní 1930 nígbà tí èrò ń wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ sí Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ohun tó sì fojú ara rẹ̀ rí níbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. N kò já a nírọ́. Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú dé ní 1918, tí àwọn kan nínú ìjọ Saint Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ sídìí àdúrà, kò sí dókítà kan lágbàáyé tó ní oògùn tó ń pa á. Lóòótọ́, wọ́n wá sọ kíkọ oògùn di òfin nígbà tó yá, débi pé ọ̀rọ̀ kìnínì, oògùn ibà, wà lára ohun tó tú àwọn Aládùúrà àti àwọn míṣọ́nnárì Apostolic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká ní ìparí àwọn ọdún 1930. Ṣùgbọ́n èmi kò sí ní 1918. Oògùn tó ń wo àbúrò mi sàn wà lórí àjà.

Mo ti wàásù lórí Ọba Hesekáyà láìmọye ìgbà: omijé rẹ̀, àdúrà rẹ̀, ọdún 15 tí Ọlọ́run fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń pa Bíbélì dé. Orí kan náà, Aísáyà 38, ló sọ pé wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n lẹ èso ọ̀pọ̀tọ́ mọ́ oówo ọba kí ó lè sàn. Ìlérí ti jáde lẹ́nu Ọlọ́run, wòlíì sì tún ní kí wọ́n wá oògùn. Mo máa ń fo ẹsẹ yẹn.

Mo dúró níwájú ìjọ, mo sì sọ pé ẹ̀rí tí mo mú àbúrò mi jẹ́ kì í ṣe òtítọ́. Àwọn àgbà kan bínú pé mo tú àṣírí ìjọ. Mo gbé ipò mi sílẹ̀, n kò fi àdúrà sílẹ̀. Bí aláìsàn bá wá bá mi nísinsìnyí, mo máa ń bi í bóyá ó ti lo oògùn ọjọ́ náà kí n tó gbọ́wọ́ lé e, ẹlòmíràn a sì torí ìyẹn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi ti kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé òun ti dárí jì mí. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rán ẹnikẹ́ni sí i láti bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí mo rán kẹ́yìn, ìyàwó náà ní kó sọ fún mi pé ìgbà tí ọkọ òun bá gbọ́ ohùn ọmọ tí òun bí lẹ́yìn àìsàn náà, kí n máa bọ̀.